Kí Ló Wà Nínú Ìjì Òòfà?

Nígbà tí ìjì òòfà ńlá jà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ẹnìkan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé oòrùn ti fẹ́ da iná sórí ayé. Lójú tirẹ̀, láti ara oòrùn ni gbogbo ohun tó wà nínú ìjì náà ti wá. Kí ó má tijú: ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn fi rò bẹ́ẹ̀.

Ayé wa dà bí òòfà ńlá kan. Òòfà yìí máa ń há àwọn ion mọ́ òfurufú, ìyẹn átọ́ọ̀mù tí ó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Bí ìjì bá dé, àwọn ion alágbára á pọ̀ sí i, wọ́n á sì máa yí ayé ká lọ sí ìwọ̀-oòrùn bí òrùka, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lókè orí wa. Òrùka yìí ń gbé iná mànàmáná, òun ló sì ń mú kí agbára òòfà dínkù díẹ̀ lórí ilẹ̀. Ibùdó Hermanus ní Gúúsù Áfíríkà wà lára àwọn tó ń wọ̀n ọ́n.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, wọ́n ta sátẹ́láìtì Explorer 45 sókè láti orí pèpéle San Marco nínú òkun tó wà létí ilẹ̀ Kẹ́ńyà. (Bẹ́ẹ̀ ni, láti Áfíríkà níbí.) Kò pẹ́ rárá tí ìjì kan fi jà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá. Explorer 45 wọn agbára àwọn ion inú òrùka náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ irú èyí tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ṣáà kà wọ́n sí háídírójìn, nítorí òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí oòrùn ń fẹ́ jáde.

Nínú ìjì kan náà, sátẹ́láìtì mìíràn ń kọjá lórí òpó ayé, nísàlẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè fi ìwúwo ya ion sọ́tọ̀. Edward Shelley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tí wọn kò retí: ọ́síjìn, ó sì pọ̀. Ọ́síjìn tó ti ara oòrùn wá máa ń ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀. Èyí pàdánù ẹyọ kan péré. Òkè afẹ́fẹ́ ayé tiwa ló ti gbéra.

Ṣé ọ́síjìn yìí dé inú òrùka fúnra rẹ̀? Ó di ọdún 1984 kí sátẹ́láìtì CCE tó gbé ẹ̀rọ tó lè dáhùn lọ síbẹ̀. Ion á la awọ tín-ín-rín kan kọjá, aago á bẹ̀rẹ̀. Ó bá gbá òdìkejì, aago á dúró. Bí agbára ion méjì bá dọ́gba, ọ́síjìn, tó wúwo ju háídírójìn lọ ní ìlọ́po 16, á lo àkókò ìlọ́po 4. (Ẹ fi Físíìsì ọdún kìíní yín yẹ̀ ẹ́ wò.) Nígbà tí kò sí ìjì, háídírójìn ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì oṣù Kejì ọdún 1986 le jù, ọ́síjìn ló ní nǹkan bí ìdajì gbogbo agbára òrùka náà, ó ju ti háídírójìn lọ.

Láti ọdún 2012 sí 2019, sátẹ́láìtì Van Allen Probes méjì ń gba inú òrùka náà kọjá léraléra, wọ́n ń ka ọ́síjìn níbẹ̀. Bí ó ṣe ń yára gòkè tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wádìí.