Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: KÍKỌ̀WÉ LÓRÍ WHATSAPP SÍ ẸNI TÍ A KÒ RÍ RÍ

Ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kọ. Kí lẹ fẹ́ fi ìwé tí ẹ mọ̀ yìí ṣe?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ obìnrin kan wà ní abúlé kan lọ́nà Kétu. Gàrí ni wọ́n ń yan. Gàrí wọn gbẹ, kò ní iyanrìn. Ṣùgbọ́n alárobọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá rà á, iye tó bá wù ú ló sì ń pè. Bí wọn ò bá gbà, á ní òun ń lọ. Òjò sì ń bọ̀. Gàrí tí ọ̀rinrin bá wọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ni wọ́n á bá gbà.

Wọ́n wá rí nímẹ́rò ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́. Kí ni kí wọ́n kọ sí i?

Ọ̀kan nínú wọn kọ báyìí: «Gàrí wà o. Ẹ wá rà.» Ìyá náà kà á, kò dáhùn. Kí ló fà á? Kì í ṣe ìgbéraga. Kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Kò mọ ẹni tó fún un ní nímẹ́rò òun. Oníjìbìtì sì pọ̀ lórí tẹlifóònù: wọ́n á ní ọjà wà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́, wọ́n á sì parẹ́.

Ẹ ka èyí wàyí:

«Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Orúkọ mi ni ............ Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní ............, lọ́nà Kétu. Awakọ̀ tó ń kó àgbàdo wá fún yín ló fún mi ní nímẹ́rò yín. Ó ní gàrí tó kúnná ni àwọn oníbàárà yín fẹ́. Tiwa kúnná, ṣùgbọ́n ó kan díẹ̀. Mo fẹ́ bi yín: ṣé wọ́n fẹ́ràn èyí tó kan, àbí èyí tí kò kan? Bí àyè bá yọ, ẹ fún mi lésì. Ẹ ṣeun, ìyá.»

(Ẹlòmíràn á ní ó ti gùn jù. Ẹ kà á sókè, kò gba ìṣẹ́jú kan.)

Ẹ wò ó dáadáa. Ó kí ìyá, ọ̀rọ̀ sì tẹ̀lé e lójú kan náà. Àwọn kan máa ń kọ «Ẹ kú ojúmọ́» nìkan, wọ́n á wá máa retí ìdáhùn kí wọ́n tó sọ tẹnu wọn. Lójúkojú, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí ọjà ò ráyè bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ awakọ̀, kí ìyá náà lè bi í. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ awakọ̀ ṣá o. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Kò tíì ní kí ìyá rà. Ohun tí ìyá mọ̀, tí àwa ò mọ̀, ló bi í. Inú àgbà máa ń dùn sí irú ìyẹn.

Bí ìyá ò bá mọ̀wé kà ńkọ́? Ẹ tẹ àwòrán ẹ̀rọ ohùn, kẹ́ ẹ fẹnu sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ Ègùn, tó sì jẹ́ Ègùn ni ìyá ń sọ, ẹ fi Ègùn sọ ọ́.

Ẹ má kọ ẹyọ kan kẹ́ ẹ wá máa ta á látaré sí ènìyàn mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbà á lè mọ̀ pé kì í ṣe òun lẹ kọ ọ́ fún.

Bí nímẹ́rò ò bá wọlé, ẹ kà á. Láti 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nímẹ́rò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní 8, ó ti di 10. 01 ni wọ́n fi kún un níwájú. Ẹni tó bá wà ní Tógò tàbí Nàìjíríà á kọ́kọ́ tẹ +229.

Bí ìyá ò bá dáhùn, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún dákẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bó bá dáhùn, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Gàrí tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kì í ṣe èyí tó dáa jù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí òjò bá pa àpò kan, ẹ sọ fún un kí ọkọ̀ tó gbéra. Nígbà tí gàrí ò sí, ẹ kí i bí Iléyá tàbí Kérésì bá dé, ẹ béèrè ọmọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè nímẹ́rò àṣírí owó orí tẹlifóònù yín, ẹ má fún un, bó ti wù kó kí yín tó.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ta lẹ fẹ́ kọ̀wé sí? Ta ló fún yín ní nímẹ́rò rẹ̀? Kí ló mọ̀ tí ẹ̀yin ò mọ̀? Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé ná. Ẹ kà á fún ẹni tó jókòó tì yín, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.