Ọ̀rọ̀ Tó Ń Yọ Ọfà Lápó

Ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ló ń yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ashaiman ní Ghana, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ èbúté Tema ni onírúurú ẹ̀yà ti ń ya wọ ìlú yín: Ewe, Dangme, Dagomba, Kusasi, Mamprusi, Hausa, títí kan àwa Yorùbá. Bawku, níbi tí Kusasi àti Mamprusi ti ń du oyè láti 1957, jìnnà sí yín. Òkè àríwá pátápátá ni. Ṣùgbọ́n láti ìparí 2021 tí ìjà náà ti tún rú, fóònù ò jẹ́ kó jìnnà mọ́. Wọ́n á yìnbọn lọ́hùn-ún lóru, kílẹ̀ tó mọ́, fídíò rẹ̀ ti dé ìdí igbá tòmátì.

Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Kí ìyá Kusasi kan àti ìyá Mamprusi kan jọ pe ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Bawku, kí wọ́n ṣí ohùn fóònù sókè, kí àwọn méjèèjì jọ gbọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ má dúró dìgbà tí èéfín bá rú kẹ́ ẹ tó máa wá nọ́ńbà kiri. Inú àjọ ni kẹ́ ẹ ti ṣètò ẹ̀, kí àjọ náà má sì jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo: ẹni tówó rẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, o ò ní fẹ́ kílé ẹ̀ jó.

Ibi tó le rèé o. Àwọn ìyá kan mọ ibi tọ́mọ wọn ń fi àdá pamọ́ sí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń kì í bí akọni. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ wá sípàdé àlàáfíà.

Wọ́n á ní ẹ̀bẹ̀ nìkan lobìnrin lè bẹ̀. Irọ́ ni. Ní 2003, àwọn obìnrin Làìbéríà, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, tẹ̀ lé àwọn ọ̀gá ogun wá sí Ghana, níbi táwọn ọ̀gá náà ti ń fa ìjíròrò àlàáfíà gùn bí ẹni tó wá ṣe fàájì. Àwọn tó wá láti ilé ò pọ̀. Àwọn asásàálà Làìbéríà ní àgọ́ Buduburam ló kún wọn. Ní oṣù Keje, Leymah Gbowee, aṣáájú wọn, kó wọn jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjíròrò náà, wọ́n kọ́wọ́ bọra: kò sẹ́ni tó máa jáde. Nígbà táwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ rí ìhòhò ìyá? Wọ́n sá sẹ́yìn. Abdulsalami Abubakar, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe alárinà, ló jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, àwọn tó ń jagun tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Accra.

Ó yẹ kí tiyín má dé orí aṣọ títú. Bí àwọn olórí ẹ̀yà bá ń ṣèpàdé ní Ashaiman, kí obìnrin méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, tàwọn ti ìròyìn tí wọ́n jọ yẹ̀ wò. Owó ìpè Bawku, ẹ yọ ọ́ lára àjọ.