Owó Ilé Ìtọ́jú Àgbà: Ta Ni Ìjọba Ń Ràn Lọ́wọ́?

Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ní England níhìn-ín, iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ gbélé, àìsàn òbí sì lè kọjá agbára wa. Bí ó bá di ọ̀ràn ilé ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òfin wí.

1. Àyẹ̀wò. Ẹ kọ́kọ́ ní kí káńsù wá yẹ ipò àgbà náà wò. Òfin Care Act ti ọdún 2014 sọ pé ọ̀fẹ́ ni, fún olówó àti tálákà.

2. NHS. Bí ó bá jẹ́ pé àìlera gan-an ni olórí ohun tí ó nílò ìtọ́jú, NHS lè san gbogbo owó náà láìbèèrè ohun tí ó ní. NHS Continuing Healthcare ni wọ́n ń pè é. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

3. Owó ìpamọ́. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò dá san gbogbo rẹ̀. Bí kò bá tó £14,250, wọn kì yóò fọwọ́ kan ìpamọ́ náà, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò bá wọn san níbẹ̀.

4. Ilé. Bí ọkọ tàbí aya bá ṣì ń gbé inú rẹ̀, wọn kò ní kà á mọ́ ohun ìní. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè bí káńsù ṣe lè yá a lówó, kí wọ́n gbà á padà nígbà tí a bá ta ilé. Kò di dandan kí a sáré tà á.

Ìkìlọ̀: Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí a bá ti kọ ilé fún ọmọ, tí ọdún méje sì kọjá, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí káńsù bá rí i pé nítorí owó ìtọ́jú ni a ṣe fi í tọrẹ, wọ́n lè kà á bí ẹni pé ó ṣì jẹ́ tiwa, kò sì sí iye ọdún tí ó dí wọn lọ́wọ́. Ilé tí a kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú náà jẹ́ ohun ìní. Ẹ má ṣe fi í pamọ́.

Fún ìjíròrò:
(a) Ǹjẹ́ àwọn ọmọ wa mọ ibi tí ìwé wa wà?
(b) Kí ni a fẹ́ kí wọ́n ṣe fún wa, tí a kò tíì sọ?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ nígbà tí ẹnu wa ṣì ń sọ̀rọ̀.