Kí o tó sanwó káńpà orí Hilux

Àbúrò mi, má rò pé mo fẹ́ mú ọkàn rẹ rẹ̀wẹ̀sì. Ilé kékeré tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn Hilux, tí òrùlé rẹ̀ ń gbéra sókè lálẹ́ tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ rìn, ó wu èmi náà. Láti ìgbà tí Pẹ̀lúmi Nubi ti fi Peugeot kékeré wakọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó lọ́dún 2024 ni ẹsẹ̀ ti ń yún gbogbo yín. Ṣùgbọ́n rántí pé inú ọkọ̀ tí kò ju páálí lọ yẹn ló ti ṣètò ibi tí yóò máa sùn sí. Ìwọ ní tìrẹ, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé oníkáńpà lo fàmì sí. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná pàápàá! Ní Ìwòrò, lágbègbè Àgbádárìgì? Ta ni òtútù fẹ́ pa níbí? Àwọn tó ń ṣe káńpà wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà, yìnyín orí òkè ni wọ́n ní lọ́kàn. Nínú ooru, iyọ̀ òkun àti ẹ̀fọn ni tìrẹ máa gbé, ìyẹn sì ni kí o fi ṣà á.

Ìwúwo ni kí o kọ́kọ́ bi wọ́n. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń kọ síwèé sábà máa ń jẹ́ ti káńpà òfìfo, kí wọ́n tó fi àwọn àfikún sí i. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì tó gba lítà 75, kílò 75 nìyẹn, bí ẹni pé àgbàlagbà kan tún wọlé jókòó. Wo bébà tí iléeṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ẹnu ọ̀nà awakọ̀, ibẹ̀ tàbí inú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ẹrù tí ọkọ̀ lè rù sí. Ro káńpà, omi, gáàsì, oúnjẹ àti gbogbo ẹni tí yóò wọkọ̀ pọ̀, má sì gbàgbé pé ìdí rẹ kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún mọ́. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni epo ṣe máa lọ tó, o sì mọ ohun tí epo ti dà láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ ní 2023.

Atẹ́gùn ni kí o náwó lé. Aṣọ ni ògiri apá òkè tó ń gbéra yẹn, àwọn kan á sì fi rọ́bà bo ojú rẹ̀ kí ó lè rọrùn láti nù. Rọ́bà yẹn kì í mí. Tí ènìyàn méjì bá sùn sínú rẹ̀ lóru oṣù kẹfà, òógùn á máa kán sí wọn lórí kílẹ̀ tó mọ́. Kánfáàsì tó ń mí ni kí o mú, pẹ̀lú fèrèsé ńláńlá ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti fáànù òrùlé tó lè fa atẹ́gùn wọlé, tó sì lè tì í jáde. Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ti àwọn tó ń ṣe káńpà lè gba ẹ̀fọn dúró, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò wínníwínní etí ọ̀sà máa ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Èyí tí ojú rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dín atẹ́gùn kù, nítorí náà ra oríṣi méjèèjì, kí o máa pààrọ̀ wọn. Bí òjò bá sì bá ọ lójijì tí o pa òrùlé dé pẹ̀lú aṣọ tútù, tún un ṣí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èébu á hù sí i.

Ẹ̀rọ amúlétutù tí o ń lé kiri yẹn, fi í sílẹ̀. Bátìrì lítíọ́mù 12V oní 100Ah kò lè gbé èyí tó ní agbára ẹṣin kan (1HP) fún wákàtí méjì gbáko, aṣọ tó sì jẹ́ ògiri kò ní di òtútù yẹn mú. Bátìrì kan náà á gbé fáànù láti alẹ́ di òwúrọ̀ láìmikàn, sólà á sì kún un padà. Bátìrì olómi tí réwáyà máa fẹ́ tà fún ọ, a kì í lò ó kọjá ìdajì kó má baà tètè kú, nítorí náà ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní í dín ìnáwó rẹ kù. Fíríìjì tó ní kọ̀m̀pẹ́rẹ́sọ̀ 12V ni kí o gbà. Èyí tó ń lo gáàsì máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú, ooru sì máa ń dá a lágara.

Iyọ̀ wá ńkọ́? Wo ìdè géètì ilé wa, o mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ wọn tó. Férémù alumíníọ̀mù ni kí o mú, má ṣe mú onípákó, kí gbogbo ṣúkúrù sì jẹ́ sitẹ́ńléèsì 316 tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi. Sọ fún wọn kí wọ́n fi rọ́bà sáàárín irin àti alumíníọ̀mù níbikíbi tí méjèèjì bá ti kanra, torí bí omi iyọ̀ bá wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, àwa obìnrin nìkan ló lè bá ara wa sọ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi ojú tì ọ́ lórí ilé ìgbẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ń tà á á ní kò pọn dandan, torí àwọn lè dúró ti igi. Ìwọ tí ìtọ̀ ń jí láago méjì òru, ṣé inú igbó àgbọn lo fẹ́ wọ̀? Èyí tó ṣeé gbé jáde, tó ní ìdérí méjì, ló dára jù. Kò síbi tí wọ́n ṣe fún dída irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù ní agbègbè yìí, sọkẹ́wéè ilé wa lo máa dà á sí, nítorí náà má ra kẹ́míkà tó máa pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀gbin inú rẹ̀.

Gáàsì ìdáná wa wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọra jókòó sí, ẹ̀bá ilẹ̀ ni kí wọ́n de aago tó ń kìlọ̀ rẹ̀ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé tí o ń sùn sí rárá.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun máa bá ọ gbé e gba Kútọnu kó lè dínwó, dáhùn pé o kò ṣe. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, wọ́n sì lè ka káńpà rẹ mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú omi ni kí o fi gbé e wá. Bí o bá sì ti wà lójú títì Àgbádárìgì, kọ́sítọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá á fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí ńlá yẹn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣeé ṣí láìtú ẹrù, àti àpò ìwé ọkọ̀ lẹ́bàá ìjókòó, wọ́n máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ìbínú.

Jáàkì mẹ́rin tó máa gbé káńpà kúrò lórí Hilux ni kí o má ṣe fi du ara rẹ. Tí o bá ti yà ní Àràdàgún wọ Ìwòrò, wàá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí àgbàlá wa, wàá sì fi ọkọ̀ nìkan lọ ná ọjà Àgbálátà. Èyí tí a ń fi ọwọ́ yí ti tó, iyọ̀ kò ní rí mọ́tò kankan bà jẹ́ lára rẹ̀. Iyanrìn wa rọ̀ ṣá, ó máa gbé ẹsẹ̀ jáàkì mì. Màá bá oníṣẹ́ igi wa sọ̀rọ̀ kó gé pákó mẹ́rin tó nípọn sílẹ̀ fún ọ. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni kí a gbé e sí. Abẹ́ igi àgbọn tútù, ó tì o.