Wọ́n fẹ́ fi wárápá ọmọ mi ṣe ìwádìí

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 19, ní wárápá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sángò ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Nígbà tí àìsàn náà gbé e ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Dókítà wá sọ fún wa pé àwọn kan ń ṣe ìwádìí lórí wárápá, pé kó wá kópa. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ọmọ Kano nìyẹn. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Báyọ̀, Ìjòkó, Ọ̀tà

ÌDÁHÙN

Ìyá Báyọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbẹ̀rù bàbá ọmọ ní ìdí. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára nǹkan bí 100 ọmọdé. Wọ́n fún nǹkan bí 100 mìíràn ní oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ẹjọ́ òun àti ìjọba Kano lè parí.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwádìí wárápá ni kò ní oògùn tuntun nínú rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn wọ Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n yẹ nǹkan bí 19,000 ènìyàn wò. Nínú 1,000, nǹkan bí 5 ló ní wárápá. Ìbàdàn náà ni wọ́n ti yẹ àgbo ìtọ̀ màlúù wò, èyí tí wọ́n ń rọ ọmọ tí gìrì bá mú. Ewé tábà, efinrin àti aáyù wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí ọmọ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún gbogbo ìyá tó wà ládùúgbò yín.

Báyọ̀ ti pé ọdún 19, òun fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ síwèé. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìwádìí náà àti ohun tó lè ṣe fún ìlera rẹ̀, kó tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ béèrè ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà, kó sì mọ̀ pé òun lè jáde nígbàkigbà. Bí wọ́n bá ní kó sanwó, tàbí kó jáwọ́ nínú oògùn tó ń lò, ẹ máa bọ̀ nílé.

Àbí kò tíì máa lo oògùn? Àjọ WHO ní bíi 70 nínú 100 àwọn tó ní wárápá ló lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì tí wọ́n bá ń lo oògùn bó ṣe yẹ, phenobarbitone, ọ̀kan nínú oògùn wárápá, kì í sì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà ní Abẹ́òkúta láti 1954, ojú títì kan náà ló gba Sángò kọjá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni iṣẹ́ alẹ́ yẹn. Àìsùn máa ń ru wárápá sókè. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àìsàn yìí pamọ́ nítorí kí wọ́n má bàa lé wọn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ń wà mọ́jú. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣe fún Sángò àti Àgbàrá, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà, ohun tí wọ́n ṣe fún Igbó-Ọrà. Bí Báyọ̀ bá kópa, kó sọ fún àwọn olùwádìí náà pé alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀.