Wọn Ẹsẹ̀ Kí O Tó Wọn Agbára

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ sídìí ẹ̀rọ isokinetic tó ń wọn agbára iṣan níbi iṣẹ́ rẹ. Inú mi dùn gan-an. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo lò nídìí iṣẹ́ físíò, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àṣìṣe ló sì kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹn. Jókòó kí n sọ ọ́ fún ọ, kí o má baà fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kọ́ tìrẹ.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, irin ni wọ́n fi ń jí iṣan tó kú sára dìde. Ní 1945, dókítà ológun kan, Thomas DeLorme, ní ilé ìwòsàn Gardiner ní Chicago, kọ ohun tó rí lára àwọn sójà tí orúnkún wọn bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí aláìsàn máa gbé irin tó fúyẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. DeLorme ní rárá, ẹ so èyí tó wúwo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kó gbé e níwọ̀nba ìgbà, kí ẹ sì máa fi kún irin náà bí agbára bá ṣe ń dé. Lọ́dún yẹn kan náà ni Igbobi ní Èkó di ilé ìwòsàn, láti ara ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́. Ogun kan náà ló kó iṣẹ́ bá àwọn tibẹ̀ àti àwọn tibí.

Irin dára, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n o ti fa omi nínú kànga rí. Korobá kan náà ni láti ìsàlẹ̀ dókè, omi inú rẹ̀ ò lé sí i, síbẹ̀ ẹnu kànga ni apá ti máa ń fẹ́ yẹ̀, nígbà tí o bá fẹ́ gbé e sọdá. Bẹ́ẹ̀ ni orúnkún rí. Bí ẹsẹ̀ bá ń nà, ó níbi tí iṣan iwájú itan ti lágbára jù, ó sì níbi tó ti rọ̀. Irin tí o so mọ́ ọn kò gbọdọ̀ ju ohun tí ibi tó rọ̀ yẹn lè gbé lọ. Nítorí náà, ibi tó lágbára kì í ríṣẹ́ gidi ṣe.

James Perrine, ní New York, ló yí ìbéèrè yẹn po. Bí a bá fi ẹrù sílẹ̀ tí a di ìyára mú ńkọ́? Ní 1967, òun àti Helen Hislop, tí òun náà jẹ́ físíò bíi tiwa, gbé èrò náà jáde nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ Lumex ní Long Island sì ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n pè é ní Cybex. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ físíò. Ìdí tí mo fi ń rántí méjèèjì pa pọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn àti ẹ̀rọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́.

O mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àmọ́ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi sọ ọ́, torí bí o ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún aláìsàn nìyẹn. Bí o bá fi ìyára sí 60 dígírì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí bí ènìyàn ṣe lè ti apá ẹ̀rọ náà tí yóò kọjá bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára tó bá fi kún un, ẹ̀rọ á dá a padà fún un, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dà bí àjẹ̀ tí apẹja fi ń wa ọkọ̀. Bí o bá rọra tẹ omi, omi á rọra kọ̀ fún ọ. Bí o bá fi gbogbo èjìká tẹ̀ ẹ́, á fi gbogbo ara kọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti rọ̀, ẹrù á rọ̀. Ibi tó ti le, ẹrù á le. Bí ìrora bá sì dé láàárín ọ̀nà, tí aláìsàn náà dẹwọ́, ẹrù á bá a dẹwọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí irin tó máa já lé e lẹ́sẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀.

Àwọn ti àkọ́kọ́ ò lè ju kí iṣan máa súnkì lọ. Lẹ́yìn 1980 ni Kin-Com àti Biodex mú mọ́tò àti kọ̀ǹpútà wọ̀ ọ́, tí ẹ̀rọ fi lè máa fa ẹsẹ̀ nígbà tí iṣan ń gùn tó sì ń kọ̀. Ohun tí itan ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tàbí tí agbábọ́ọ̀lù bá gbá bọ́ọ̀lù tán tó fẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró.

Wàyí o, àṣìṣe mi. Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Ọmọkùnrin agbábọ́ọ̀lù kan wá, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ti fà ya tẹ́lẹ̀. Mo so bẹ́líìtì, mo tẹ bọ́tìnnì, ìwé jáde. Ní 60 dígírì, à ń retí kí iṣan ẹ̀yìn itan ní nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára iṣan iwájú. Tirẹ̀ lé ní 80. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní kó padà sí pápá. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi gbé e padà wá, iṣan yẹn kan náà.

Mi ò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn wúwo, ọmọ mi. Bó bá jókòó tó ń na ẹsẹ̀ sókè, ìwúwo yẹn ń fà á sẹ́yìn. Bó bá ń ká a padà, ìwúwo yẹn ń bá a ti ẹ̀rọ. Bí o kò bá jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wọn ẹsẹ̀ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, yóò bu iṣẹ́ iṣan iwájú kù, yóò sì ka iṣẹ́ tí iṣan ẹ̀yìn kò ṣe mọ́ tirẹ̀. David Winter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Waterloo, ní Kánádà, ti kígbe ọ̀rọ̀ yìí láti 1981. Èmi ni mi ò kà á. Kọ̀ǹpútà máa ń bi ọ́ léèrè báyìí bóyá kó wọ̀n ọ́n. Má ṣe fò ó rárá, kódà bí èrò bá tò dé ẹnu ọ̀nà. Kí o sì fi ìka wá egungun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta orúnkún, kí o mú ojú ẹ̀rọ bá a dọ́gba, nítorí bó bá yẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà yẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kánjú. Kóòṣì á pè ọ́. Bàbá ọmọ á pè ọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ á fi ojú bẹ̀ ọ́ pé iṣẹ́ abẹ orúnkún òun ti pé oṣù mẹ́fà, kò dun òun mọ́. Ìwádìí tí Hedvig Grindem àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016 láti Norway ni kí o fi dá wọn lóhùn. Nínú àwọn tó padà sí eré láì yege ìdánwò, 38.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún fara pa lórúnkún. Nínú àwọn tó yege, 5.6 ni. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá fi ní sùúrù sí i, títí di oṣù kẹsàn-án, ń dín ewu náà kù ní ìdajì. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n wò ni kí iṣan iwájú itan ẹsẹ̀ tí wọ́n là tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹsẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra pẹ̀lú 90 yẹn. Ẹni tó ti jókòó fún oṣù méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yè náà ti gbẹ. Ẹsẹ̀ méjèèjì lè dọ́gba nínú àìlera.

Má sì sọ ẹ̀rọ di Ifá. Ní 2008, Jean-Louis Croisier láti Belgium tẹ̀ lé agbábọ́ọ̀lù 462, ó ní àwọn tí agbára iṣan wọn kò dọ́gba, tí a kò sì tún un ṣe, fara pa lẹ́yìn itan ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju àwọn tí tiwọn dọ́gba lọ. Ní 2016, wọ́n yẹ 614 wò ní Qatar, àmì tí wọ́n rí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, kò tó ohun tí ènìyàn lè fi sọ ẹni tí yóò fara pa lọ́la. Mo gba ti Qatar gbọ́. Ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ ni ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe lónìí, lórí àga, pẹ̀lú bẹ́líìtì. Lẹ́yìn rẹ̀, ní kí ọmọ náà fò, kó sáré, kó yí bìrí, kí o sì fi ojú ara rẹ wò ó.

Bó bá béèrè pé ṣé òun lè padà, má dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Lọ́dún tí mo máa fẹ̀yìn tì, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọbìnrin kan, oṣù kẹjọ rẹ̀ nìyẹn. Ìlà ẹsẹ̀ ọ̀tún ga bí òkè; ti òsì, tí wọ́n là, wálẹ̀ láàárín bí ẹni pé wọ́n bù ú jẹ. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó wò ó pẹ́, ó nu omi ojú rẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo ni kí n tún wá, mà?" Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó sì ní kí n kọ àwọn eré ìdárayá tẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ fún òun kí n tó jẹ́ kí òun lọ.