Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Ilé ní Ìlú Ọba

Ọmọ mi, kọ́kọ́rọ́ ilé ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní England, o ti san owó ilé àti dìpọ́sítì, o wá rò pé ìnáwó ti tán. Kò tíì tán o. Láti ọjọ́ tí àdéhùn ilé rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni owó iná, gáàsì, omi àti ti káńsù ti wà lọ́rùn rẹ. Mo ti rí àwọn ọmọ wa tí gbèsè iná mú lómi, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe onínàákúnàá. Àìmọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀ ló kó bá wọn. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ ka èyí.

1. Kí o tó tú ẹrù, wá mítà. Ti iná sábà máa ń wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ti gáàsì lè wà nínú àpótí lára ògiri ìta. Ya fọ́tò iye tó wà lójú wọn àti nọ́ńbà mítà gan-an, kí o fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà kí déètì lè wà lórí rẹ̀. Ohun tí ẹni tó kó jáde lò, òun ni kó san án. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ń kó jáde, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

2. Béèrè ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná àti gáàsì síbẹ̀. Bí o kò tilẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé kankan, bí o bá ti wọlé tí o tan iná, oníbàárà wọn ni ọ́ lójú òfin. Lẹ́tà tí wọ́n kọ The Occupier sí lára, ìwọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Má sọ ọ́ nù. Pè wọ́n, sọ orúkọ rẹ, ọjọ́ tí o wọlé àti iye ojú mítà. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè yan ilé-iṣẹ́ mìíràn tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn. Ti omi kò ní yíyàn: àdúgbò tí o wà ló ń sọ ẹni tí wàá san án fún.

3. Nílé ní Nàìjíríà, láti 2016 tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná, ti fòpin sí owó oṣooṣù tí kì í yẹ̀ lórí iná, ohun tí a bá lò là ń san. Ní England, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá mọ́ ló ní owó tirẹ̀ lórí iná, òmíràn tún wà lórí gáàsì, yálà o wà nílé tàbí o wá ṣe Kérésì ní Ìjẹ̀bú. Standing charge ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ní mítà àsansílẹ̀, tí kò fi owó sí ti gáàsì nígbà ooru, owó ojoojúmọ́ yẹn á ti di gbèsè kí òtútù tó dé, òun ni mítà yóò sì kọ́kọ́ gé.

4. Bí mítà àsansílẹ̀ bá wà nílé, má fi kọ́kọ́rọ́ tàbí káàdì tí o bá níbẹ̀ ra iná kí o tó pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin Ìbàdàn kan tí mo mọ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, bá kọ́kọ́rọ́ oníke kékeré kan nínú ilé ìdáná. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní àmì PayPoint, ó fi £20 sí i, ó kì í bọ mítà. Nígbà tó fi máa ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, owó náà ti dín ju iná tó lò lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ó rò pé fíríìjì ló ń jẹ ẹ́, ló bá pa á, ẹran rẹ̀ sì bàjẹ́. Àṣé gbèsè ẹni tó kó jáde ni mítà ń gé lára owó rẹ̀! Nígbà tó pè wọ́n, tó fi ìwé àdéhùn ilé hàn, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ tuntun, wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà.

5. Bó bá jẹ́ Direct Debit, kí wọ́n máa yọ ọ́ ní báǹkì rẹ fúnra wọn, lo fi ń san án, máa fi iye ojú mítà ránṣẹ́ lóṣooṣù, àfi tí mítà bá ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà á méfò. Àwọn kan gbọ́ pé Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso iná àti gáàsì níbẹ̀, fi ààlà sí owó iná, wọ́n wá rò pé bíìlì kò lè kọjá iye kan. Orí yúnìtì àti owó ojoojúmọ́ ni ààlà yẹn wà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń yí i padà. Bí o bá lò ó púpọ̀, wàá san púpọ̀.

6. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún nìkan ló ń gbé inú ilé, ẹ kò ní san owó káńsù (council tax), ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún káńsù. Ẹni tó bá dá gbé máa rí ìdá kan nínú mẹ́rin yọ kúrò, èyí kò sì lòdì sí físà. Ti Council Tax Reduction, tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tówó rẹ̀ kéré, ni kí o ṣọ́ra fún: bí físà rẹ bá ní no recourse to public funds, ìyẹn ni pé o kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, má fọwọ́ kàn án.

7. Èyí ló ká mi lára jù. Má torí owó gáàsì jókòó sínú òtútù pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Má sì gbé ààrò èédú wọlé, má ṣí ófùnù gáàsì sílẹ̀ kí yàrá lè móoru. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó lè ti ara wọn jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Ra álámù rẹ̀. Lọ́dọọdún ni onílé gbọ́dọ̀ mú ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Gas Safe wá yẹ ẹ̀rọ gáàsì wò, kó sì fún ọ ní ìwé rẹ̀, béèrè láìṣojo. Bí o bá gbóòórùn gáàsì, jáde, kí o pe 0800 111 999. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e.

8. Bí owó kò bá sí, tètè pe ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì rẹ. Ìlànà Ofgem ni pé kí wọ́n bá ọ ṣètò bí wàá ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ bá ṣe mọ. Ilé-iṣẹ́ omi kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gé omi ilé tí èèyàn ń gbé nítorí gbèsè. Ṣùgbọ́n gbèsè tí o bá sá fún lè wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ fún ọdún mẹ́fà, báǹkì tí o fẹ́ yá owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ á sì rí i. Bí ilé-iṣẹ́ iná bá gbé bíìlì iná tí o lò ní ohun tó lé ní oṣù 12 sẹ́yìn wá, tí ẹ̀bi náà jẹ́ tiwọn, má san án. Kọ ẹ̀sùn sí wọn. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọn kò yanjú rẹ̀, gbé e lọ bá Energy Ombudsman, tó ń parí aáwọ̀ oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ iná, ọ̀fẹ́ ni.